Èsì: Ìdí tí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ogun onígbòkun fi ń tẹ̀ wọnú lókè

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí ló dé tí ọkọ̀ ogun onígbòkun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ fi yọ ikùn bí ìkòkò nísàlẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá ń sún wọnú lókè. Ìwúwo àgbá, ìyẹn ìbọn ńlá ojú ogun, ló fà á.

Ẹ wo ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, HMS Victory, tí Thomas Slade ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sọ sómi ní Chatham lọ́dún 1765, tó wà ní Portsmouth títí dòní. Àjà mẹ́ta ni wọ́n to àgbá sí. Ti àjà ìsàlẹ̀, ọta kan ṣoṣo wúwo tó kílò 14 àtààbọ̀, àgbá fúnra rẹ̀ sì ju tọ́ọ̀nù 2 lọ. 30 irú rẹ̀ ló wà níbẹ̀! Bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá wà lókè, tàbí tó jìnnà sáàárín, ìgbì á dojú ọkọ̀ dé. Wọ́n wá gbé èyí tó fúyẹ́ sókè, wọ́n sì fa ẹ̀gbẹ́ wọnú kó lè sún mọ́ àárín.

Ṣùgbọ́n fèrèsé tí ẹnu àgbá ìsàlẹ̀ ń gbà yọ síta kò jìnnà sómi rárá. Bí òkun bá ń ru, ṣe ni wọ́n ń tì í pa, àgbá tó lágbára jù á wá dákẹ́. Ti Royal George, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ló ń dùn mí jù. Lọ́dún 1782, ní Spithead, ojú òkun tó wà nítòsí Portsmouth, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti tún nǹkan ṣe lábẹ́ rẹ̀, omi gba fèrèsé wọlé, ó rì. Ó lé ní 800 èèyàn tó kú, tobìnrin tọmọdé tó wá kí àwọn atukọ̀ wà nínú wọn.