Irun ọmọ tí kì í jẹ gluten: kí la ó gbé lọ Ìbàdàn?

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Àrùn celiac ló ń ṣe ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, kì í jẹ ohunkóhun tó ní gluten, ìyẹn èròjà inú àlìkámà, báálì àti ráì tó ń ba ìfun irú wọn jẹ́. Awọ ara rẹ̀ tún ṣe ẹlẹgẹ́: ìpara díẹ̀ báyìí, ọrùn rẹ̀ á ti sú, á máa yún un. À ń lọ Ìbàdàn lóṣù Kejìlá, ìyá mi sì ti bá onídìrí kan sọ̀rọ̀ ní Mọ́kọ́lá. Mo ti wá jẹ́lì àti ìpara irun tí wọ́n kọ "gluten-free" sí lára títí ní Leeds níbí, ìwọ̀nba tí mo rí, owó rẹ̀ ga. Kí lẹ̀ ń lò fáwọn ọmọ yín?
Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́

Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Èmi ni mò ń fọ irun àwọn ọmọ nílé wa ní Dublin, ọ̀kan nínú wọn kì í sì í jẹ àlìkámà.

Ẹ má wá "gluten-free" kiri mọ́. Òfin tó ní kí oúnjẹ tó bá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ má ní ju mílígíráàmù 20 lọ nínú kílò kan, oúnjẹ ló wà fún, kò kan ìpara. Ẹ̀yìn ike ni kẹ́ ẹ máa kà. Triticum vulgare ni àlìkámà, Hordeum vulgare ni báálì, Secale cereale ni ráì. Ẹ wo "hydrolyzed wheat protein" náà dáadáa, inú jẹ́lì àti kọndísọ́nà ló máa ń wà. Bí ẹ ò bá rí ìkankan, ẹ rà á.

Gluten kì í gba awọ ara dé inú ìfun, ẹnu ló ń gbà. Ṣé Mọ́rẹ́nikẹ́ máa ń fa ìka? Tèmi a máa jẹ ṣóńṣó irun rẹ̀ bí ẹni ń run pákò, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka ẹ̀yìn ike. Ṣùgbọ́n ọrùn tó ń sú yẹn, ó lè má jẹ́ gluten rárá. Òórùn dídùn tí wọ́n ń fi sí ìpara, tí wọ́n ń kọ ní "parfum", a máa ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀. Attachment náà ńkọ́? Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ bu fínígà ápù sí, ẹ ṣàn án, ẹ sá a. Kì í ṣe fínígà tí wọ́n ń bù sórí ẹja díndín níbí o, báálì ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn! Bó bá sì jẹ́ pé awọ ara rẹ̀ gan-an ló ń kọ àlìkámà, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ òfuurufú.

Tí ẹ bá dé Ìbàdàn, òrí ni kẹ́ ẹ rà ní ọjà Bódìjà, èyí tí wọn ò po nǹkan kan mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nínú, kẹ́ ẹ wò ó fún ọjọ́ méjì.

Ṣọ́ọ̀bù onídìrí ni mo ń bẹ̀rù jù. Ike jẹ́lì ńlá kan ṣoṣo á wà lórí àpótí, gbogbo ìka ló ń wọ̀ ọ́. Onídìrí á ge búrẹ́dì jẹ, á nu ọwọ́ sára aṣọ, á tún kọjú sórí ọmọ. Ẹ má ṣàlàyé celiac fún un, kò ní yé e, á sì rò pé ẹ̀ ń fi òkè òkun yangàn ni. Kí Màmá ṣáà sọ pé dókítà ló ní kí jẹ́lì wọn má kan ọmọ, kó jọ̀ọ́ fọṣẹ́ fọwọ́, kó lo òrí àti kóòmù tiyín.

Tó bá jẹ́ tèmi, irun olówùú ni màá ní kó ṣe. Kò bá jẹ́lì lọ, kò bá attachment lọ, inú Màmá á sì dùn. Kó má kàn fà á le níwájú orí.

Ní ti oúnjẹ, àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú kò ní àlìkámà, àfi kẹ́ ẹ bi wọ́n nípa màgí tí wọ́n fi sè é. Semo ni kẹ́ ẹ sá fún, àlìkámà ni.
Bàbá Ayọ̀délé