Ẹ́ńsáìmù (purotéènì tó ń mú kí iṣẹ́ inú ara yára) wo ló ń fi hàn bí jẹjẹrẹ ọpọlọ ṣe ń wọ inú ọpọlọ lọ?

MMP-2, MMP-9, uPA àti cathepsin B ni. Wọ́n máa ń jẹ àwọn purotéènì tó yí sẹ́ẹ̀lì ká, kí jẹjẹrẹ lè ráyè kọjá. Wọ́n sì máa ń pọ̀ nínú glioblastoma (irú glioma tó le, tó ń yára dàgbà) ju nínú glioma (jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti ara sẹ́ẹ̀lì tó ń ran ọpọlọ lọ́wọ́) tó ń rọra dàgbà lọ. Àmọ́ egbò lásán lè mú MMP-9 ga, nítorí náà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó.

IDH1, ìyẹn jíìnì kan nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà, ni dókítà máa ń wò jù: ẹni tí àyípadà bá wà nínú IDH1 jẹjẹrẹ rẹ̀ sábà máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tí kò ní in lọ.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ẹran àyẹ̀wò (ẹran ara tí wọ́n gé lára jẹjẹrẹ náà) láti Ìkòròdú lọ sí ilé ìwòsàn LUTH, ẹ rí i pé inú formalin 10% (oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara bàjẹ́) ló wà, kí formalin náà sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Omi lásán máa bà á jẹ́.