Èsì: Ọkọ̀ Ìwọ̀pin sí Ẹ̀pẹ́

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ní ta ló ṣì rántí ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tó máa ń gbé èèyàn láti Ìwọ̀pin lọ Ẹ̀pẹ́, àti pé ṣé ẹ̀rù kì í bà wá. Háà, ẹ̀rù bà mí o! Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìwọ̀pin ni mo ti máa ń lo họ́lídè, tó bá ti di ọjọ́ ọjà, ìdájí la ti máa dé etí omi, ìyá àgbà á ti di gààrí sínú àpò, á tún fi láílọ́ọ̀nù wé e, torí bí omi bá fi lè ta sí i pẹ́nrẹ́n, ó tán nìyẹn.

Ọkọ̀ pákó ni, ẹ́ńjìnnì kékeré kan ló wà nídìí ẹ̀, á wúkọ́ wúkọ́ bí àgbàlagbà kó tó gbéra, tí òjúoró bá wá lọ́ mọ́ ọn láàárín ọ̀sà gbogbo wa á dákẹ́ lọ gbáà, awakọ̀ á ti ọwọ́ bọ omi á máa fà á yọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi ike gbọ́n omi tó ń wọlé lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Láífùjákẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Ta ló mọ̀ ọ́n nígbà yẹn! Mi ò lè gbé ọmọ tèmi wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ẹ̀pẹ́ ti di ti Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1967, àwa ti Ìwọ̀pin di ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1976, ìyẹn ò kan ìyá àgbà rárá, Ìjẹ̀bú ló ń kí Ìjẹ̀bú. Òórùn ẹja yíyan àti pẹtiróòlù nígbà tá a bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ sha, ó ṣì wà nímú mi.