Òkúta funfun tó ń dán nínú oko wa ní Òṣú: ṣé wúrà ni, kí ni ká sì ṣe sí i?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òkè-Bàálẹ̀ ní Òṣogbo níbí ni mò ń gbé. Bàbá wa fi oko kan sílẹ̀ fún wa lẹ́bàá Òṣú. Nígbà tí àwọn ọmọ ń kọ ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè tó wà níbẹ̀, wọ́n hú òkúta funfun kan jáde tó tóbi tó ìkúùkù àgbàlagbà. Ara rẹ̀ ti dípẹtà láwọn ibì kan, mo sì rí àwọn nǹkan aláwọ̀ ìyeyè tín-ín-tín nínú ojú ibi tó là. Ọmọkùnrin kan tó máa ń ra wúrà kiri ní ká gún un, òun á fi mẹ́kúrì, irin kan tó ń ṣàn bí omi, yọ wúrà inú rẹ̀. Ó tún gbé ìwé kan wá pé ká fọwọ́ sí i kí àwọn èèyàn òun lè wá gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ṣé wúrà ni lóòótọ́? Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá òmíràn ṣì wà níbẹ̀? Ṣé a lè gbẹ́ ẹ fúnra wa, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ bàbá wa ni?

Ìdáhùn

Ìyá mi, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó fi òkúta yẹn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ má gún un, ẹ má sì yan án lórí iná. Ìwé yẹn náà, ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ ná.

Ó ṣeé ṣe kí wúrà wà lára òkúta náà, nítorí agbègbè tí ẹ ti rí i. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹ ní kí àwọn ọmọ padà sí ojú ibi tí wọ́n ti hú u gan-an, kí wọ́n ri igi mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà tí máàpù orí fóònù bá fi hàn fún ibẹ̀ sílẹ̀. Òkúta kan kò lè sọ ẹbí yín di olówó. Ibi tó ti já wá ni ọ̀rọ̀ wà. Bí òjò bá ti wó ebè yẹn, tí kò sí ẹni tó rántí ibẹ̀ mọ́, kò sí yàrá àyẹ̀wò kankan tó lè bá yín wá a padà.

Ní ti bóyá wúrà ni, nǹkan méjì ló sábà ń tan àwọn èèyàn jẹ nílẹ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni máíkà, èyí tó ń dán yinrin nínú iyanrìn tí a fi ń kọ́lé. Èkejì ni páíráìtì, tó wúwo, tó sì ní àwọ̀ bíi ti idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ẹ gbé òkúta náà sínú oòrùn kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Máíkà á tàn yòò, á tún kú. Páíráìtì á máa dán láti ojú kan, á sì dúdú díẹ̀ láti ojú kejì. Wúrà ní tirẹ̀ kì í yí àwọ̀ padà; ẹ gbé e lọ sábẹ́ òjìji, bó ṣe rí nínú oòrùn náà ló máa rí. Ẹ tún wo bó ṣe jókòó. Páíráìtì sábà máa ń ní igun mẹ́rin-mẹ́rin tó mú, nígbà tí wúrà máa ń há sínú ojú ibi tó là, tí yóò gba ìrísí ibi tó bá.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ tẹ ọ̀kan tó tóbi díẹ̀ nínú wọn. Wúrà rọ̀. Abẹ́rẹ́ á jìn sínú rẹ̀, á sì fi ojú sílẹ̀ láìfọ́. Páíráìtì le ju abẹ́rẹ́ lọ, á fọ́ sí wẹ́wẹ́ tàbí kó má tilẹ̀ gba abẹ́rẹ́ rárá. Máíkà á ṣí ní pẹlẹbẹ. Bí ẹ bá rí èyí tó ti já bọ́ fúnra rẹ̀, ẹ fi ha ẹ̀yìn táìsì tí kò dán. Ilà wúrà máa pọ́n bíi wúrà, ilà páíráìtì máa dúdú. Ẹ má gbọ́ ti àwọn tó bá ní kí ẹ fi iná dán an wò. Nínú irú òkúta báyìí, ohun tó lè jáde pẹ̀lú èéfín ni imí ọjọ́ àti ásẹ́níìkì, májèlé pọ́ńbélé sì ni ásẹ́níìkì.

Ìpẹtà tí ẹ rí yẹn wù mí ju dídán rẹ̀ lọ. Ìdí ni pé òkúta funfun yìí, tí àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní kuọ́tìsì, jẹ́ ohun tó dì sínú àwọn ibi tí ilẹ̀ ti là nísàlẹ̀ pátápátá, nígbà tí omi gbígbóná ń gba ibẹ̀ kọjá. Omi yẹn ló ru wúrà wá, ó sì ru irin àti imí ọjọ́ wá pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n di páíráìtì. Nígbà tí òkúta náà bá wá yọ sókè, tí òjò àti atẹ́gùn kàn án, páíráìtì á jẹrà, á di ìpẹtà, á sì fi ihò sílẹ̀. Wúrà kì í dípẹtà, nítorí náà á kù sínú ihò yẹn. Kuọ́tìsì tó funfun báláú, tí kò ní àbàwọ́n kankan, pọ̀ jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sì ní nǹkan kan nínú.

Òṣú wà nínú agbègbè òkúta tó nà láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, tí ìlà ńlá kan tí ilẹ̀ ti là rí sì gba apá Ifẹ̀wàrà kọjá nínú rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fọ wúrà nínú iyanrìn àti amọ̀ ní Ìtagunmodi àti Ìgún. Ní apá Ìpérindó, inú òkúta gan-an ló wà, ibẹ̀ sì ni ibi ìwakùsà ńlá Segilola wà, tí wọ́n yọ́ wúrà àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2021. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa Segilola yìí: nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan níbẹ̀, ohun tí wọ́n retí láti rí kò ju nǹkan bíi gíráàmù 4 wúrà lọ. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ kílò 1,000. Ojú lásán lè má rí wúrà yẹn, síbẹ̀ èrè wà níbẹ̀ nítorí pé òkúta náà pọ̀, ó sì tò tẹ̀léra nínú ilẹ̀. Èyí ni mo ṣe ń sọ fún yín pé òkúta tó ń dán lè wà láìsí kùsà kankan lábẹ́ rẹ̀, òkúta tí kò dán rárá sì lè jẹ́ ti kùsà gidi.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tó ti wá? Ẹ wo igun rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá ṣì mú, kò rìn jìnnà. Ó ṣeé ṣe kí ìlà òkúta tó já kúrò lára rẹ̀ wà lókè díẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti hú u. Bó bá ti yí roboto, omi ló gbé e wá, ọ̀nà rẹ̀ sì lè jìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn gun òkè láti ìdí igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa wo irú òkúta funfun bẹ́ẹ̀ nínú ebè àti ní ojú ibi tí òjò ti gbá ilẹ̀. Á máa pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń lọ, títí dé ibì kan tí kò ní sí mọ́. Ibi tó ti dáwọ́ dúró yẹn ni kí wọ́n sàmì sí, torí pé ìlà náà sábà máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀ gan-an.

Bí odò kékeré kan bá wà nísàlẹ̀ òkè, iyanrìn rẹ̀ á tún sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wúrà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19, kuọ́tìsì kò sì ju ìlọ́po 2.65 lọ, nítorí náà ibi tí omi bá ti rẹ agbára sílẹ̀ ni wúrà máa ń jókòó sí: inú kọ̀rọ̀ tí odò ti yí, ẹ̀yìn àpáta, ìdí gbòǹgbò, àti inú ojú ibi tí òkúta ìsàlẹ̀ odò ti là. Ẹ bu iyanrìn ìsàlẹ̀ pátápátá, kì í ṣe ti òkè, sínú abọ́ tàbí igbá. Bí ẹ ṣe máa ń fi igbá méjì gbọ́n ìrẹsì kí òkúta lè kù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ ó ṣe gbọ́n ọn nínú omi, kìkì pé lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó kù nísàlẹ̀ lẹ ń wá. Iyanrìn dúdú ló máa kẹ́yìn. Ẹ fi òòfà kó èyí tó bá gbà fún un, kí ẹ sì wo ohun tó kù. Ẹ ṣe é láti ibì kan dé ibòmíràn lọ sí òkè odò. Ibi tí ẹ ò ti rí wúrà mọ́, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí ibẹ̀. Hóró wúrà tí ara rẹ̀ ṣì rí gbágungbàgun, pàápàá tí kuọ́tìsì bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì rìn jìnnà.

Ẹ lè fi ìwọ̀n oníbátìrì tí a fi ń wọn ìyẹ̀fun wo òkúta yín nílé. Ẹ rẹ ẹ sómi di ọjọ́ kejì kí atẹ́gùn inú ihò rẹ̀ lè jáde, kí ẹ sì fi òwú tín-ín-rín so ó. Ẹ kọ́kọ́ wọn ọ́n lásán. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé abọ́ omi lé ìwọ̀n, ẹ sọ ọ́ di òdo, kí ẹ fi òwú mú òkúta náà wọ inú omi pátápátá láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà tó bá yọ pín ti àkọ́kọ́. Kuọ́tìsì lásán á fún yín ní nǹkan bíi 2.65. Ká ní òkúta jẹ́ gíráàmù 500, tí ti inú omi sì jẹ́ 185, ẹ máa rí 2.70. Bó bá jẹ́ pé wúrà nìkan ló fa àfikún yẹn, á jẹ́ gíráàmù 11. Àmọ́ nǹkan bíi gíráàmù 21 páíráìtì á mú nọ́ńbà kan náà jáde! Bí ìwọ̀n yín bá sì fi gíráàmù 1 péré ṣì nígbà tí òkúta wà nínú omi, ìṣirò wúrà yín á fi nǹkan bíi gíráàmù 3 yẹ̀. Ẹ lò ó láti fi mọ̀ pé òkúta náà wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, kì í ṣe láti fi dá owó lé e.

Ìdáhùn tó dájú, yàrá àyẹ̀wò ló ń ti wá. Wọ́n á lọ òkúta náà, wọ́n á yọ́ ọ pọ̀ mọ́ ohun tó ní òjé nínú lórí iná tí ooru rẹ̀ lé ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 1,000, òjé á kó wúrà mọ́ra, wọ́n á wá mú òjé kúrò kí wọ́n wọn èyí tó kù. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òkúta yín tó ń dán yìí ránṣẹ́. Ẹ ṣẹ́ òkúta káàkiri ojú ìlà náà, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, àtèyí tó dára lójú àtèyí tí kò dára, kó tó kílò 2 tàbí 3, kí ẹ di wọ́n sínú ọ̀rá pẹ̀lú ìwé tó sọ ibi tí ẹ ti mú u. Ẹni tó bá ṣa kìkì èyí tó dán lọ fún àyẹ̀wò, èsì ẹ̀tàn ló máa gbà. Ẹ̀ka jíọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, kò jìnnà sí oko yín. Ẹ lọ bá wọn, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì tọ́ yín sọ́nà.

Ní ti òkúta àkọ́kọ́ yẹn, bó bá jẹ́ wúrà ló hàn lára rẹ̀, ó lè níye lórí lójú àwọn tó ń kó òkúta jọ ju iye tí wúrà inú rẹ̀ máa pa bí wọ́n bá yọ́ ọ lọ. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́kúrì yìí dùn mí dénú. Mẹ́kúrì máa ń di atẹ́gùn nígbà tí wọ́n bá ń fi iná lé e kúrò lára wúrà, ẹni tó wà nítòsí á sì fà á símú, ó ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́, ó sì burú jù fún aboyún àti ọmọdé. Èyí tó bá dà sílẹ̀ á wọ odò, á wọ ẹja. Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òkúta lọ sí ẹ̀rọ ìlọta. Ní Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ láàárín ilé, àwọn ọmọdé tó kú lé ní 400. Àwa ará Òṣogbo náà ń fojú rí ohun tí ìwakùsà aláìbìkítà ń ṣe fún odò Ọ̀ṣun. Odò tó gba inú igbó tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005 kọjá ti di omi ẹlẹ́rẹ̀, débi pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún. Mi ò fẹ́ kí odò kankan nítòsí oko yín dà bẹ́ẹ̀.

Òfin wá ńkọ́? Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí yín, àmọ́ òfin ìwakùsà ọdún 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú rẹ̀. Ẹ lè ṣọ oko yín, àmọ́ ẹ ò lè gbẹ́ kòtò wúrà kí ẹ sì máa tà á láìgba ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ ìwákiri máa ń wà fún ọdún 3, ti ìwakùsà kékeré fún ọdún 5, Mining Cadastre Office ní Abùjá ló sì ń fún èèyàn. Àwọn tí kò lágbára owó lè para pọ̀ di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ibi kan wà tí wọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ lé lórí, bí ibi ìsìnkú àti ojúbọ, nítorí náà bí ojúbọ bàbá yín bá wà nínú oko yẹn, ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ti gba ìwé àṣẹ lórí ilẹ̀ náà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mú nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn lọ bá Mining Cadastre Office. Bí ẹnì kan bá ti gbà á, ẹ̀tọ́ yín ni láti gba owó ohun ọ̀gbìn àti ilẹ̀ tó bá bàjẹ́. Ọmọkùnrin tó gbé ìwé wá yẹn náà, ẹ béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ kan náà. Bí kò bá ní, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà láìfọwọ́ sí i. Bó bá ní, ẹ gbé e fún lọ́yà kí ó kà á, kí gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín tó nípìn-ín nínú ilẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.