Kí nìdí tí àwọn àgbà fi ní kí á má torí òjò tó ṣú da omi àmù nù?

Ọmọ wa kan tó ń gbé ní ìlú Oǹdó béèrè ìtumọ̀ òwe tó ní kí á má torí òjò tó ṣú da omi àmù nù. Ó ní oníwàásù kan sọ lórí rédíò pé òwe aláìnígbàgbọ́ ni, nítorí pé ọmọ ọ̀dọ̀ Wòlíì Èlíjà rí ìkùukùu tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn lọ, Èlíjà sì ti ránṣẹ́ sí Ọba Áhábù kí ó tètè máa lọ kí òjò má baà dá a dúró. Mo ti gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ rí, ó sì máa ń bí mi nínú, nítorí ẹni tó bá ń ṣe é kò pọn omi odò rí. Èlíjà pàápàá kọ́kọ́ rán ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ wo ojú òkun ní ìgbà méje. Ní tèmi, òwe yìí kò bá ìgbàgbọ́ jà rárá: ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn obìnrin ilé ni, oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ọdún, nígbà òjò àkọ́rọ̀, ni ó sì ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa ní ohun tó lè mú ènìyàn da omi nù. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, omi tó kù nísàlẹ̀ àmù kì í ṣe omi tó wu ènìyàn mu. Ó ti pọ́n, ó ń rùn bí ewé, ẹrẹ̀ sì ti kó jọ sí ìdí rẹ̀. Omi òjò mọ́, ó sì dùn, ṣùgbọ́n bí a bá dà á lé omi ẹrẹ̀ lórí, méjèèjì á bàjẹ́. Nítorí náà, obìnrin tó bá rí i pé òjò ṣú ní láti da ti àtijọ́ nù, kí ó fọ àmù, kí ó sì to ìkòkò sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kí òjò tó dé. Ìdánwò tí òwe náà ń sọ nìyẹn. Àwọn kan ń pe omi àmù inú òwe náà ní omi àgbá. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n àmù wà nílé wa kí àgbá onírin tó dé.

Ní Àkúrẹ́, nígbà tí mo wà ní kékeré, àbúrò ìyá mi da àmù méjì nù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ojú ọ̀run ti dúdú láti ìhà Ọ̀bà-Ilé, atẹ́gùn tútù ń fẹ́, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ya, àwọn ọmọdé sì ti bọ́ aṣọ fún ìwẹ̀ òjò. Ẹ̀kán mélòó kan bọ́ lu páànù, ó tán. Kí àkùkọ tó kọ ní ọjọ́ kejì ni a ti wà lójú ọ̀nà odò Àlà, tí a ń fi igbá bu omi tí kò dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìyá ìyá mi kò bá a wí; ó kàn ń wo àmù òfìfo náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tó tan àbúrò ìyá mi jẹ ni atẹ́gùn tútù yẹn. Bí òjò bá ń rọ̀ láti inú ìkùukùu ńlá, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń tutù, á wúwo, á já wá sílẹ̀, á sì tàn ká ṣáájú òjò. Èyí ni pé nígbà tí ó bá fẹ́ sí wa lára ní Àkúrẹ́, òjò náà ti ń rọ̀ níbòmíràn, bóyá lọ́nà Ọ̀wọ̀, ó sì lè tán síbẹ̀. Ní oṣù kẹta, atẹ́gùn ọlọ́rinrin tó ń ti òkun Atlantic wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn kò tíì nípọn, atẹ́gùn gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà sì ṣì wà lókè rẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkè ọ̀hún ló ń darí àwọn ìjì òjò láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, tí wọ́n fi ń rọ̀ sí àdúgbò kan tí wọ́n sì ń fo èkejì. Ìkùukùu fúnra rẹ̀ kò sì tíì di òjò. Ẹ̀kán omi inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.02 mílímítà ní fífẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán òjò máa ń tó mílímítà 2. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ẹ̀kán ìkùukùu ni yóò para pọ̀ kí ẹ̀kán òjò kan tó lè bọ́. Èyí tó bọ́ pàápàá, atẹ́gùn gbígbẹ lè lá a tán kí ó tó kanlẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé oṣù kẹjọ gan-an ni ojú ọ̀run máa ń ṣú tí kì í rọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àmù ti kún nígbà náà, odò ti kún, kò sì sí ẹni tí ìkùukùu oṣù kẹjọ ń kó sí ìpayà, nítorí bó ṣe wà ní àárọ̀ náà ló ń wà títí di alẹ́. Òwe tó ń kìlọ̀ fún ènìyàn kì í ti àkókò tí nǹkan pọ̀ jáde.

Ọmọ wa náà tún béèrè bóyá òótọ́ ni pé ẹkùn ń bímọ bí òjò bá ń rọ̀ tí oòrùn sì ń ràn. Àwàdà àwa ọmọdé ni. Ìkùukùu kékeré ló ń rọ̀ nígbà tí ìyókù ojú ọ̀run mọ́ kedere.

Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń pa òwe yìí lónìí kò rí àmù rí. Kànga ẹ̀rọ ń fa omi sínú ike dúdú orí òpó, omi mímu sì wà nínú ọ̀rá, nítorí náà dída omi nù kò jọ àdánù lójú wọn. Ìyá ìyá mi kì í fọwọ́ kan àmù rẹ̀ nígbà òjò àkọ́kọ́, ó ní òrùlé ni ìyẹn wá fọ̀. Èkejì, a óò fi fọ aṣọ. Ìgbà tí ẹ̀kẹta bá ti rọ̀ tí ìkòkò abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ sì kún dé ẹnu ni yóò tó ní kí á gbé kànrìnkàn wá.