Ṣé ẹja lè gbé inú omi tí wọ́n ti fi mú iná jáde?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Ẹnjinníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja ni mò ń tà. Ìsàlẹ̀ dáàmù Ọ̀yán ni àwọn tí mò ń rajà lọ́wọ́ wọn ti ń pẹja. Wọ́n ní bí ẹ̀rọ iná ibẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, omi tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á di òkú omi, ẹja ò ní lè gbé inú rẹ̀ mọ́. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Ẹlẹ́ja, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, Màmá. Omi kì í kú bẹ́ẹ̀. Kò sí iná kankan nínú omi tí ẹ̀rọ ń fà yọ. Ipá tí omi fi ń já wálẹ̀ ló ń gbà. Ẹ da omi láti òkè sínú bàsíà, ẹ ó rí bó ṣe máa ta káàkiri. Ẹ wá rọra dà á láti etí bàsíà, kò ní ta. Omi kan náà ni, gíga ló yàtọ̀. Bí kùbíìkì mítà omi kan bá ń já láti gíga mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, a ó rí nǹkan bíi kìlówáàtì 80 níbẹ̀, omi náà á sì jáde láìdín.

Dáàmù Ọ̀yán ga tó nǹkan bíi mítà 30. Ẹ̀rọ mẹ́ta, mẹ́gáwáàtì 3 kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n fi síbẹ̀ ní 1983, nígbà tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà níbẹ̀ láìyí. Ó dùn mí gan-an, nítorí omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi mu ì bá kọ́kọ́ yí ẹ̀rọ ná, ẹnikẹ́ni kì bá sì pàdánù garawa kan.

Àmọ́ ẹ̀rù tó ń ba àwọn apẹja yín kì í ṣe lásán. Omi ìsàlẹ̀ adágún máa ń tutù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í sì í tó. Bí ẹ̀rọ bá ń fa omi láti ibẹ̀, ẹja tó wà nísàlẹ̀ odò kò ní rí èémí mí dáadáa. Ẹja tó bá sì wọnú ẹ̀rọ lè má jáde láàyè.

Èyí tó ń kó mi láyà sókè jù ni omi òjijì. Lálẹ́ tí gbogbo ilé bá ń tanná, wọ́n lè ṣí omi sí i, odò á sì kún lójijì mọ́ ẹni tó dúró sínú rẹ̀ tó ń da àwọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn apẹja yín tètè lọ bá àwọn tó ń bójú tó dáàmù, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí wọ́n béèrè fún fèrè tí wọn ó máa fọn kí wọ́n tó ṣí omi, àti asẹ́ onírin níbi tí omi ń gbà wọnú ẹ̀rọ.