Dókítà Ní Ká Máa Lọ Sọ́dọ̀ Fisió: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Ọba l'Ákùúrẹ́ níbí. Stróòkù mú màmá wa, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti ní ká máa gbé wọn lọ sílé, dókítà wá kọ̀wé pé ká máa lọ rí fisió (oníṣẹ́ ìlera tó ń fi ẹsasáìsì tọ́jú ara) lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ní owó la fẹ́ fi ṣòfò, pé ṣebí kí wọ́n ṣáà fi òróró wọ́ wọn lára náà ni, ìyá kan sì wà ládùúgbò wa tó mọ̀ ọ́n wọ́ dáadáa. Kí ni fisió máa ṣe tí ìyá yẹn ò lè ṣe? – Ìyá Tólú

ÌDÁHÙN: Ìyá Tólú, ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. Ẹ ní kí àbúrò yín fara balẹ̀. Fisió náà máa ń fọwọ́ wọ́ ara nígbà míì, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí nìyẹn nínú iṣẹ́ wọn. Nínú stróòkù, ẹsẹ̀ kọ́ ló bàjẹ́, ọpọlọ tó ń rán ẹsẹ̀ níṣẹ́ ni, bóyá ẹ̀jẹ̀ ò dé ibì kan níbẹ̀ ni o, bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́, torí náà èèyàn lè wọ́ ẹsẹ̀ yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọpọlọ ò ní torí ẹ̀ mọ̀ ọ́n rìn. Ṣíṣe nǹkan náà léraléra ló ń kọ́ ọ padà: ká dìde lórí àga, ká jókòó, ká nawọ́ mú ife, ká gbara lé ẹsẹ̀ tó rọ. Fisió ló mọ èyí tó kàn, òun náà ló máa dì wọ́n mú kí wọ́n má ṣubú.

Ẹ̀yin náà, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí èyí látòní: ẹ má fi ọwọ́ òsì yẹn fa màmá dìde. Iṣan tó di èjìká mú ti dẹ̀, tí wọ́n bá ń fà á, egungun apá á máa yọ díẹ̀díẹ̀ lójú ibi tó wà, ìrora ẹ̀ kì í sì í tètè lọ. Tí wọ́n bá jókòó, ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ apá náà. Tí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún bá wú, tó gbóná, tó ń dùn wọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ rárá, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀, tó bá ṣí kúrò, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ. Ọsibítù lọ́jọ́ náà ni.

Ọ̀rọ̀ owó, mo gbọ́. Kẹ̀kẹ́ lọ, kẹ̀kẹ́ bọ̀, kì í ṣeré. Ẹ bi wọ́n bóyá fisió lè wá sílé, ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sì ní kí wọ́n kọ́ ẹnì kan nínú yín ní ẹsasáìsì tí màmá á máa ṣe lójoojúmọ́, torí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nìkan ò tó. Kí àbúrò yín gan-an ló kọ́ ọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin ní fisió lòun máa fi sí JAMB, ní UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, níbí l'Óǹdó. Nọ́ọ̀sì lèmi fẹ́. Ṣé kì í ṣe kó lọ máa wọ́ ẹsẹ̀ fáwọn agbábọ́ọ̀lù? – Bàbá Oǹdó

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀ lóòótọ́, kíláàbù bíi Sunshine Stars ò lè ṣe kó má wá fisió, àmọ́ igun kan nìyẹn. Ọmọ tuntun tí wọ́n fa èjìká ẹ̀ níbi ìbí tí apá ẹ̀ wá ń ṣe dirodiro, ọ̀dọ̀ fisió ló ń lọ. Ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ nídìí tí abẹ́rẹ́ lọ bá nẹ́ẹ̀fù, iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ dé ẹsẹ̀, náà ńkọ́? Obìnrin tó bímọ tán tí ìtọ̀ ń jáde tó bá wúkọ́ (a kì í sọ ọ́ síta, ó sì pọ̀ káàkiri), fisió ní ẹsasáìsì fún un. Ní ICU, yàrá àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, àwọn ló ń yí aláìsàn, tí wọ́n ń gbá a láyà jẹ́jẹ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè jáde. Àwọn míì wà ní ilé ìwé àwọn ọmọ abirùn, àwọn míì ń kọ́ni ní yunifásítì, àwọn míì ti ṣí kíliníìkì tiwọn.

Kì í ṣe iṣẹ́ àná náà, Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ wọn láti 1966, ìjọba sì ti fi òfin dá bọ́ọ̀dù wọn sílẹ̀ ní 1988, láìsí láísẹ́ńsì bọ́ọ̀dù yẹn wọn ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bi ọmọ ni pé ṣé ó mọ físíìsì, torí òun àti kẹ́mísìrì pẹ̀lú báyọ́lọ́jì ló máa fi ṣe JAMB, mo sì mọ̀ pé físíìsì yẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ sẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ: Télọ̀ ni mí ní Yaba, Oǹdó. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Ṣé mo gbọ́dọ̀ gba ìwé dókítà kí n tó rí fisió? – Àbúrò yín

ÌDÁHÙN: Lọ́sibítù ìjọba, wọ́n sábà máa ń ní kí dókítà kọ́kọ́ rí ẹ. Ní kíliníìkì aládàáni, o lè wọlé tààrà, wọ́n á sì bi ẹ́ nípa àga tó o fi ń ránṣọ, má bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀ pé ìtọ̀ ò ṣeé dá dúró mọ́ tàbí pé àárín itan ẹ kú tìpìrì, má lọ sọ́dọ̀ fisió, emájẹ́ńsì ni kó o gbà lọ, kíákíá.